Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olùkọ́ àwòrán: ẹ fún ilẹ̀ ní ètò, ẹ fún sánmọ̀ láyè

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó ń kọ́ni ní yíya ilẹ̀ àti ojú ọ̀run,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. A kò kọ lẹ́tà yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ wá lọ́kàn, a sì gbà pé ẹ̀yin lẹ lè tún un ṣe.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ọwọ́ yín jáde ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ò lè fi búrọ́ọ̀ṣì kan kánfáásì àfi tí wọ́n bá ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí gbogbo nǹkan ká, títí kan àwọsánmọ̀. Àwọn yòókù gbà pé ètò ń pa ẹ̀mí àwòrán, pé ibi tí ọkàn bá darí ọwọ́ sí ni kó máa lọ. Wọ́n pín bẹ́ẹ̀ torí pé wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu wa, àwa àgbà, pé dandan ni kéèyàn mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ní tiwa, ìbéèrè kan péré ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ kó tó ṣí ọ̀dà: kí ni ohun tí mi ò ní lè tún ṣe mọ́ tí ọ̀dà bá ti gbẹ? Gbogbo ohun tó bá bọ́ sábẹ́ ìbéèrè yẹn ni kó pinnu ṣáájú. Ìyókù, kó fi lé ọwọ́ lọ́wọ́.

Ẹ wo ìlà tí ilẹ̀ àti sánmọ̀ ti pàdé. Tí a bá fi í sílẹ̀ fún ọwọ́ nìkan, àárín gan-an ló máa ń fà á sí, àwòrán á wá pín sí méjì ọgbọọgba, ojú ò ní mọ èyí tó máa wò. Ẹni tó bá fẹ́ kí sánmọ̀ jẹ́ olórí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fa ìlà náà wá sísàlẹ̀, kí sánmọ̀ gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kánfáásì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ jẹ́ olórí á gbé e sókè. Tí ọ̀dà bá ti gbẹ, kò sí bí a ṣe lè ṣí i nípò tí a ò ní tún odidi àwòrán kùn. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan ni ìpinnu náà ń gbà, lórí àwòrán ìdánwò tí kò ju páálí ìṣáná lọ.

A fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ gidi mú àwòrán páálí ìṣáná yìí. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó, pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ni kí wọ́n fi yà á, kó má sì ju ìpele mẹ́ta lọ: funfun pépà, àwọ̀ eérú, àti dúdú. Kò sí ewé, kò sí fèrèsé, kò sí àwọ̀. Kí wọ́n nà án sí iwájú ní gígùn apá. Tí ojú ò bá lè dá a mọ̀ pé òkè rèé, omi rèé, sánmọ̀ rèé, kò sí àwọ̀ tó lè gba àwòrán náà là tó bá di ńlá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá sì lo wákàtí kan nídìí rẹ̀ ti ná agbára tó yẹ kó fi kùn ún.

Ohun kejì tó yẹ kí wọ́n pinnu ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ojú ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, torí náà òun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló tẹ̀ lé e, torí ó kọjú sí ọ̀run tààrà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló ṣìkẹta. Igi àti ohunkóhun tó bá dúró lóòró ló máa ń ṣókùnkùn jù, torí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n kọ sí ọ̀run. Yìnyín tó bo ilẹ̀, tàbí iyanrìn funfun lábẹ́ òjò tó ṣú, lè yí ètò yìí padà, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ọ́n á rí koríko tútù yọ̀yọ̀, á fi àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ ju sánmọ̀ lọ kùn ún, lẹ́yìn náà á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí sánmọ̀ òun fi wúwo bí aṣọ ìbora tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi. Búlúù kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́, koríko ni. Àlàfo àárín ewé igi náà wà lábẹ́ òfin yìí: sánmọ̀ tí a ń rí láàárín ẹ̀ka gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀ ju sánmọ̀ gbangba lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bí ìgbà tí wọ́n wọ́n ẹfun sára igi.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ọkàn àti ọwọ́. Àwọn tó ń sọ pé kí ọwọ́ ṣe bó ṣe fẹ́ kì í sábà wo ohun tí ọwọ́ ń fẹ́. Ohun tó ti mọ́ ọn lára ló ń fẹ́. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní pépà, ẹ ní kó ya àwọsánmọ̀ márùn-ún láì ronú: títóbi wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àlàfo wọn á dọ́gba, wọ́n á tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Igi á rí bẹ́ẹ̀, orí òkè á rí bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ ní ìṣísẹ̀ tirẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ní in, ìṣísẹ̀ kan náà ló sì máa ń gbé léraléra. Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Ó tó ẹyẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọsánmọ̀ kì í ṣe ẹyẹ: wọ́n máa ń fara kanra, wọ́n máa ń bo ara wọn mọ́lẹ̀, ọ̀kan á gé èkejì láàbọ̀. Ọwọ́ tí wọn ò kọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wá àyè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí wọ́n ti pinnu ṣáájú pé ọ̀kan á jẹ́ ńlá débi tí etí kánfáásì á fi gé e, ọ̀kan á jẹ́ ìwọ̀nba, àwọn kéékèèké tó kù á sì wà lẹ́yìn, wọ́n á bo ara wọn.

Ọwọ́ tí wọ́n kọ́ yàtọ̀ pátápátá. Ó mọ àwọn nǹkan kan nípa ojú ọ̀run tí orí kò ní láyè láti máa rántí nígbà tí ọ̀dà bá tutù. Ó mọ̀ pé búlúù jinlẹ̀ jù ní òkè orí wa, tó sì ń ṣá bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, torí ìpele afẹ́fẹ́ tí ojú ń là kọjá nísàlẹ̀ nípọn ju tòkè lọ. Ó mọ̀ pé àwọsánmọ̀ olókìtì, èyí tí Luke Howard, ará Gẹ̀ẹ́sì, pè ní cumulus nígbà tó fún àwọsánmọ̀ lórúkọ ní 1802, máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, torí ibi gíga kan náà ni omi tó fara pamọ́ sínú afẹ́fẹ́ ti ń tutù di ẹ̀kán wínníwínní. Gbogbo wọn dà bí ohun tí a gbé ka orí gíláàsì kan ṣoṣo tó tẹ́ lókè orí wa. Torí náà, abẹ́ èyí tó wà lókè wa là ń rí, ẹ̀gbẹ́ èyí tó jìnnà là ń rí. Bí wọ́n sì ṣe ń jìnnà ni wọ́n ń kéré, tí wọ́n ń tẹ́ sí i, tí wọ́n ń fún mọ́ra.

Ohun kan wà níbí tí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ pé gbogbo ohun tó bá jìnnà máa ń di búlúù. Òkè dúdú tó jìnnà ń di búlúù lóòótọ́, torí búlúù tí afẹ́fẹ́ ń fọ́n kiri ló bo òkùnkùn rẹ̀ lójú. Àmọ́ àwọsánmọ̀ funfun tó jìnnà, àwọ̀ ọsàn rẹ́súrẹ́sú tàbí pupa díẹ̀ ló ń ní, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ti fọ́n búlúù kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fi búlúù kùn ún á rí i pé àwọsánmọ̀ ìsàlẹ̀ ń ṣubú síwájú dípò kó lọ sẹ́yìn.

Ọ̀dà olómi ni ibi tí ọ̀rọ̀ ètò àti ọwọ́ ti le jù, torí pépà ní aago tirẹ̀. Pépà tó wúwo tó gíráàmù 300 lórí mítà onígun-mẹ́rin kan ni kí wọ́n lò. Èyí tó bá fúyẹ́ gan-an á wú, á ní kòtò, ọ̀dà á sì dá sínú kòtò náà. Kí wọ́n fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pákó, kí wọ́n sì ki nǹkan tó nípọn tó ìka méjì sábẹ́ orí pákó kí omi lè máa sọ̀ kalẹ̀. Kí omi tó kan pépà rárá, kí ọ̀dà mẹ́rin ti wà nílẹ̀, kí wọ́n sì pọ̀: ultramarine (búlúù tó jinlẹ̀) fún òkè, cerulean (búlúù tó mọ́lẹ̀) fún àárín, ochre (àwọ̀ ìyeyè bí amọ̀) tó lómi gan-an fún ìsàlẹ̀, àti eérú tí a fi ultramarine àti burnt sienna (àwọ̀ ilẹ̀ pupa) pò fún abẹ́ àwọsánmọ̀. Kí wọ́n lágbára ju bí ojú ṣe fẹ́ lọ, torí ọ̀dà olómi máa ń ṣá tó bá gbẹ. Ẹni tó bá dúró po ọ̀dà láàárín sánmọ̀, pépà ò ní dúró dè é.

Lẹ́yìn náà, búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, kí wọ́n fi omi lásán pa pépà lẹ́ẹ̀mejì, torí pépà á fa ti àkọ́kọ́ mu. Kí wọ́n wá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn lójú rẹ̀. Tó bá ń dán bí dígí, omi ṣì pọ̀ jù, àwọsánmọ̀ tí a bá fi sí i á sá lọ. Tó bá ń dán bí ara tí wọ́n fi òróró pa, àkókò ti tó: etí àwọsánmọ̀ á yọ́, kò sì ní sọnù. Tí dídán bá ti lọ ńkọ́, ṣùgbọ́n tó ṣì tutù tí a bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án? Ibẹ̀ ni ewu wà. Omi tuntun tó bá kàn án níbẹ̀ á ti ọ̀dà tó ti fẹ́ jókòó sẹ́yìn, á wọ́ ọ jọ sí etí kọ́lọkọ̀lọ, bí ibi tí òjò ti jò sára àjà. Kò sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò dáadáa. Òfin rẹ̀ kúrú: láti ìgbà tí pépà bá ti tutù, búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ máa gbẹ ju pépà lọ. Tí wọ́n bá sì fẹ́ fi tíṣù yọ funfun àwọsánmọ̀, kí wọ́n yí tíṣù padà lẹ́yìn ìfọwọ́bà kọ̀ọ̀kan. Ojú tíṣù tó ti mu ọ̀dà á dá ọ̀dà padà, á sì máa tẹ àwòrán kan náà bí òǹtẹ̀.

Láti ìgbà tí dídán òróró yẹn bá ti dé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èèyàn ní. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó lè má pé márùn-ún. Nínú ìṣẹ́jú yẹn, kò sí àyè láti wo ìwé, kò sí àyè láti bi olùkọ́. Ètò ló ra àkókò náà, ọwọ́ ló ń ná an. Olùkọ́ tó bá dúró sẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni, ẹ má bínú. Ẹ sọ tẹnu yín kí omi tó kan pépà, tàbí kó gbẹ tán.

Ọ̀dà olóróró kò kánjú bẹ́ẹ̀, àìkánjú yẹn gan-an ló sì ń pa sánmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa fi búrọ́ọ̀ṣì pa á síwá sẹ́yìn títí gbogbo etí á fi yọ́, tí sánmọ̀ á sì dà bí èéfín. Fún kánfáásì tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti 50 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, tí sánmọ̀ bá gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí wọ́n tẹ funfun jáde tó sẹ̀ǹtímítà 15 ní gígùn, kí wọ́n sì pò ó sí òkìtì márùn-ún: búlúù òkè, búlúù àárín, àwọ̀ ìsàlẹ̀, abẹ́ àwọsánmọ̀, àti ìmọ́lẹ̀ àwọsánmọ̀. Búlúù ni kí wọ́n máa fi sínú funfun ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi funfun sínú búlúù á ná odidi túùbù kó tó rí ohun tó ń wá. Abẹ́ àwọsánmọ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ sórí kánfáásì, kó fẹ́lẹ́. Búlúù á yí i ká. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á gbẹ̀yìn, kó nípọn, kí wọ́n fi lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gbé ọwọ́ kúrò. Funfun tí a kò po nǹkan kan mọ́, kó má wà ju ibì kan lọ nínú gbogbo sánmọ̀. Tó bá jẹ́ sánmọ̀ ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ ìyeyè ìsàlẹ̀ àti búlúù òkè á di àwọ̀ ewé tí wọ́n bá pàdé, kò sì sí ọwọ́ tó yá tó kí ó má ṣẹlẹ̀. Àwọ̀ eérú tó ní pupa díẹ̀ ni kí wọ́n fi sáàárín wọn, kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan ọ̀kan má sì kan èkejì láì jẹ́ pé wọ́n nù ún.

Acrylic, ọ̀dà oníke tí a ń fi omi pò, ní wàhálà tirẹ̀. Ó máa ń ṣókùnkùn sí i tó bá gbẹ, torí ohun tó so ó pọ̀ funfun bíi wàrà nígbà tó tutù, ó sì ń mọ́ gaara tó bá gbẹ. Kí wọ́n dán an wò lórí pépà, kó gbẹ, kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

A kò sọ pé ètò kì í ṣini lọ́nà. Ibi tó ti ń ba nǹkan jẹ́ jù ni pẹ́ńsùlù lórí àwọsánmọ̀. Àwọsánmọ̀ ní etí tó mú níhà oòrùn, etí tó yọ́ níhà kejì, àti ibi tí kò ní etí rárá. Ìlà pẹ́ńsùlù sọ pé etí kan náà ló ní yí ká, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kùn ún títí dé ìlà bí ọmọdé ṣe ń kun ìwé àwòrán, ohun tó bá jáde níbẹ̀ á le bí òkúta. Ètò tó tó fún sánmọ̀ kò ju àmì mélòó kan lọ: ọfà kan tó tọ́ka sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, àmì kan fún ibi tí oòrùn wà, àti ìlà kékeré méjì fún ibi tí àwọsánmọ̀ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Fọ́tò náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Tí fóònù bá mú ilẹ̀ dáadáa, sánmọ̀ á funfun báláú. Tó bá mú sánmọ̀, igi á dúdú bí èédú. Ojú wa kì í rí i bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ yí padà lágbedeméjì iṣẹ́, ìyẹn ni ipò oòrùn. Ìwọ̀n dígírì 15 ni oòrùn ń rìn lójú ọ̀run ní wákàtí kan. Ẹni tó bá kun òjìji igi ọwọ́ òsì, tó lo wákàtí méjì kó tó dé ti ọwọ́ ọ̀tún, ti ní oòrùn méjì nínú àwòrán kan. Kí wọ́n sàmì sí gbogbo òjìji láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kí wọ́n dúró lórí rẹ̀. Ní 1800, Pierre-Henri de Valenciennes, ayàwòrán ará Faransé, ti gba àwọn ayàwòrán nímọ̀ràn pé kí iṣẹ́ ìta má kọjá wákàtí méjì, kí ti ìyọ oòrùn tàbí ìwọ̀ rẹ̀ má kọjá ìdajì wákàtí. Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé mìíràn, ní tirẹ̀ máa ń kó kánfáásì púpọ̀ dání, tí ìmọ́lẹ̀ bá yí, á gbé ọ̀kan sílẹ̀, á mú òmíràn. Kì í lépa ìmọ́lẹ̀ lórí kánfáásì kan náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ti ọkàn máa ń tọ́ka sí Bob Ross, ará Amẹ́ríkà, tó yàwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1983 sí 1994, tó máa ń parí odidi kánfáásì ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ sọ fún wọn pé ó ti máa ń ya àwòrán náà tán kí wọ́n tó tan kámẹ́rà, ó sì gbé e síbi tí òun nìkan ti lè rí i. Àwọn mìíràn á mẹ́nu ba Alexander Cozens, ayàwòrán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń da yíǹkì sórí pépà ní nǹkan bí ọdún 1785, tó sì ń wá òkè àti igi jáde nínú rẹ̀. Òun náà ní kí èèyàn kọ́kọ́ ní irú ilẹ̀ tó ń wá lọ́kàn kí yíǹkì tó kan pépà.

John Constable, ayàwòrán ilẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ni kí ẹ fi hàn wọ́n. Ní 1821 àti 1822 ó ń ya sánmọ̀ léraléra ní Hampstead, ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí pépà kéékèèké, lọ́wọ́ kan. Ó máa ń kọ ọjọ́, wákàtí àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ sẹ́yìn wọn, ó sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 1822 pé òun ti ṣe tó 50. Ọkùnrin yìí kan náà, nígbà tó fẹ́ ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ tó lókìkí, The Hay Wain, ní 1821, kọ́kọ́ fi ọ̀dà ya gbogbo rẹ̀ lórí kánfáásì mìíràn tó tóbi tó o, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 185 ní fífẹ̀, kó tó wá ya èyí tí ayé mọ̀. Ìyára ọwọ́ tó rí nídìí sánmọ̀ àti sùúrù tó lò fún ilẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni wọ́n wà.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò gba owó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan kánfáásì ńlá, ẹ jẹ́ kó ya sánmọ̀ 20 lórí pépà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, níta, láì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà àwọsánmọ̀. Kó kọ ọjọ́, wákàtí àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ẹ má ṣe fún un ní máàkì kankan lórí wọn, torí máàkì á mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe. Tó bá wá kan àwòrán ilẹ̀, ẹ béèrè àwòrán páálí ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣí ọ̀dà, ẹ má sì gba iṣẹ́ tí kò ní in. Kó tọ́jú àwọn sánmọ̀ 20 yẹn sínú páálí. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣètò ilẹ̀ kan tí kò rí sánmọ̀ tó bá a mu, ibẹ̀ ni kó ti wá a, kó kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kó wò ó bóyá wákàtí tó kọ síbẹ̀ bá òjìji igi rẹ̀ mu.

Àwa ni tiyín,
àwọn akẹgbẹ́ yín nínú iṣẹ́ àwòrán